Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀: Ibi Tí Eré Ìdárayá Orí Rédíò Jàpáàn Ti Ṣẹ̀

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kọjá láàárọ̀ ní Jàpáàn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá káfíńtà, awakọ̀ katakata àti ọ̀gá wọn lórí ìlà, akoto lórí wọn, tí dùùrù ń dún látinú ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn sì jọ ń na apá sókè. Ìgbésẹ̀ 13 ni, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á sọ iṣẹ́ ọjọ́ náà àti ewu tó wà nídìí rẹ̀, kálukú á sì gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Rajio taisō ni wọ́n ń pè é: eré ìdárayá orí rédíò.

Ẹni tó bá wò ó á rò pé ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ló jókòó ronú ohun tó lè so òṣìṣẹ́ pọ̀. Rárá o. Owó adójútòfò ló bí i.

New York ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1925, Metropolitan Life, iléeṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré ìdárayá sáfẹ́fẹ́ láràárọ̀ láti ilé gogoro wọn. Ìṣirò wọn ò le: oníbàárà tó bá tètè kú, owó ńlá ni wọ́n máa san fún ẹbí rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ láyé, á máa dáwó lọ ni. Ire tiwọn àti ti oníbàárà pàdé níbẹ̀, mi ò bá wọn jà.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Jàpáàn létí dáadáa, nítorí láti 1916 ni wọ́n ti ń ta adójútòfò fún mẹ̀kúnnù láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá gba irú ewu bẹ́ẹ̀ mọ́ra gbọ́dọ̀ wá bí ara oníbàárà ṣe máa le. Wọ́n so tiwọn mọ́ ayẹyẹ ìwúyè Ọba Hirohito, ó sì jáde lórí rédíò ní Tokyo ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, 1928.

Rédíò ò tíì pọ̀ nílé nígbà náà. Àwọn tó ń pín lẹ́tà ló ń bá wọn polongo rẹ̀ kiri. Ní 1930, ọlọ́pàá kan ní Kanda, ní Tokyo, kó àwọn ọmọdé jọ láàárọ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé kí wọ́n wá ṣe é, ìyẹn sì di àṣà káàkiri ìlú.

Nígbà ogun, ìjọba rí i pé ó dára láti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé ohùn kan. Ogun parí, ológun Amẹ́ríkà gba àkóso, wọ́n sì ń fura sí i. Ní 1947, ó kúrò lórí afẹ́fẹ́. Amẹ́ríkà ò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́! Oṣù Karùn-ún 1951 ló padà pẹ̀lú orin àti ìgbésẹ̀ tuntun, èyí tí wọ́n ń ṣe títí dòní. Ní 1952, wọ́n fi ìkejì kún un, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n dìídì ṣe ìyẹn fún.

Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ níbi iṣẹ́ ni pé láti kékeré ni ara ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ò ní í san kọ́bọ̀ fún olùkọ́; bí dùùrù bá ti dún, apá á lọ sókè fúnra rẹ̀. Bí wọ́n sì ti tò yẹn, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á hàn, ẹni tí ọtí àná ò tíì dá lójú rẹ̀ náà á hàn, kí ó tó gun àkàbà.

Adójútòfò iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ yẹn ṣì wà. Òun náà ṣì wà lára àwọn tó ń pe àpéjọ ńlá eré ìdárayá yìí lọ́dọọdún.