Sójà Ojú Ọ̀nà Àkúrẹ́ Kì Í Ṣe Ọmọ Ogun Gómìnà

Kò sí ìgbà tí mo wọkọ̀ Àkúrẹ́ ní Iléṣà tí n kì í gbọ́ ọ. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti dẹwọ́ eré níbi tí sójà, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ti to àpò iyanrìn sójú ọ̀nà, ẹnìkan á ní: "Kí ló ṣòro níbẹ̀? Kí gómìnà pàṣẹ fún gbogbo wọn kí wọ́n wọ igbó yìí lóru òní. Ṣebí òun ni olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó gbé agbọ̀n obì lé itan ló sọ ọ́. Wọ́n ti jí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé rí, ó sì gbà pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di ọwọ́ sójà mú. N ò lè dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ò gba àlàyé òfin lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Pé àwọn oníṣẹ́ibi wà nínú igbó, a kì í jiyàn ìyẹn mọ́. Àṣẹ tí wọ́n ní ó wà lápò gómìnà yìí ni mo ń wá, tí n ò rí.

Wọn ò kọ "olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀" sí ibì kankan nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ẹnu ni a fi ń jẹ oyè náà. Abala 218 ló sọ ẹni tó ń pinnu ibi tí ọmọ ogun yóò ti ṣiṣẹ́: Ààrẹ. Abala 217 sì ní bí Ààrẹ bá pè wọ́n ni wọ́n ń wá ran ìjọba lọ́wọ́ láti dá àlàáfíà padà. Gómìnà lè kọ̀wé, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè ra ọkọ̀ fún wọn. Kò lè ní kí wọ́n wọ igbó.

Àwọn èèyàn á wá ní, "Ọlọ́pàá ńkọ́?" Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Abala 214 ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Abala 215, ìlà kẹrin, ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá nípa ààbò ìlú, kí kọmíṣọ́nnà sì ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ìwé dé tí wọ́n ti ń pa á dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin. Ó ní kí kọmíṣọ́nnà tó ṣe é, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ààrẹ, tàbí mínísítà tí Ààrẹ yàn. Gbólóhùn kan péré, òun ló gba àṣẹ náà lọ́wọ́ gómìnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gómìnà ló yan kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù rẹ̀, kò sì lè gbé e kúrò níṣẹ́. Ta ni ìwọ yóò gbọ́ tirẹ̀, bó bá jẹ́ ìwọ ni?

Àmọ̀tẹ́kùn nìkan ló kù sí gómìnà lọ́wọ́. Wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wá ṣe òfin tirẹ̀. Bí Àmọ̀tẹ́kùn Ọ̀ṣun bá lé ẹnìkan kọjá ààlà bọ́ sí ilẹ̀ Oǹdó, òfin tó dá a sílẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ẹ wo ìbọn wọn náà. Níbi àpò iyanrìn yẹn, ìbọn aládàáyìn wà léjìká sójà; ìbọn ọdẹ ni ti ọmọkùnrin Àmọ̀tẹ́kùn tó dúró tì í, rọ́bà dúdú ni wọ́n fi di ìdí rẹ̀. Láìsí ìyọ̀ǹda Ààrẹ, Òfin Ìbọn ò gba irú ti sójà yẹn fún un. Ní 2022, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó fi ìbínú béèrè ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Kàtsínà fi ń gbé AK-47 tí wọn ò sì gbà fún Àmọ̀tẹ́kùn.

Lóṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí ológun àti DSS, ọlọ́pàá inú ti ìjọba àpapọ̀, mú àwọn tí wọ́n fura sí lóṣù kẹjọ, Kogí ni ọwọ́ ti ba àwọn kan nínú wọn, níbi tí Àmọ̀tẹ́kùn Oǹdó ò ti láṣẹ. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà lọ.

Nítorí náà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí à ń pariwo yìí, àdéhùn ni. Àmọ̀tẹ́kùn mọ ọ̀nà oko, sójà ní ìbọn, ọlọ́pàá ló ń gba ẹni tí wọ́n bá mú. Bí ọ̀gá wọn ò bá ti sọ̀rọ̀ yé ara wọn kí wọ́n tó wọ igbó, wọ́n lè yìnbọn lu ara wọn lókùnkùn. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tún díẹ̀ ṣe nínú èyí, bí wọ́n bá fàyè gbà á. Síbẹ̀ sójà yóò ṣì wà lábẹ́ Ààrẹ, n ò sì ní sọ pé ìyẹn nìkan tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ọkọ̀ sójà láti ojú fèrèsé tí ẹ ń fi sórí WhatsApp, ẹ dákun, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ń gbé ṣakabùlà tẹ̀lé Àmọ̀tẹ́kùn wọ igbó, ẹ dúró sílé. Bí ẹ bá rí àjèjì tó pàgọ́ sínú oko kòkó, ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí ẹ sì tún lọ sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn fúnra yín. Ẹ má rò pé èkíní yóò bá yín sọ fún èkejì.