Bí Iná Ọkọ̀ Bá Ń Ṣe Ségesège Lẹ́yìn Jọ́m̀pù: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Àyẹ̀wò Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá kì í padà bọ̀ sípò ní kété tí wọ́n bá ti jọ́m̀pù rẹ̀ (tí wọ́n fi wáyà yá iná fún un lára bátìrì mìíràn) tí íńjìnnì sì dáhùn. Iná ABS, ti bíréèkì, lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárìn lè le, gíláàsì tí ó máa ń dá gòkè lè kọ̀, íńjìnnì lè máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, rédíò sì lè máa béèrè kóòdù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà pé jọ́m̀pù náà ló ba nǹkan jẹ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra sẹ́nsọ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé iná inú bátìrì kò tíì tó, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ sì ti kọ àṣìṣe sílẹ̀ nígbà tí iná náà lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná fi gbọ́dọ̀ ṣáájú sípánà.

Bátìrì 12 fóòtì tí ó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn lójú mítà. Bí ó bá jẹ́ 12.2, iná inú rẹ̀ kò ju bí ìdajì lọ. Bí ó bá wá sí ìsàlẹ̀ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Nígbà tí kíkì, mọ́tò tí ń stáàtì ọkọ̀, bá ń yí íńjìnnì, fóòtì á já wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dín ní nǹkan bí 9.6. Bí íńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.5 ni ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí íńjìnnì ń yí láti pèsè iná, máa ń gbé jáde nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí kò bá kúrò ní 12, ọ́tánétọ̀ kò ṣàájì. Bí ó bá kọjá 15, ó ń ṣàájì jù, ìyẹn náà sì léwu fún gbogbo ohun tí ń lo iná.

Ọ́tánétọ̀ kì í ṣe ṣájà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìwọ̀nba iná tí kíkì lò padà, kí ó sì máa bọ́ àwọn ohun tí ń lo iná bí ọkọ̀ bá ń rìn. Bí wọ́n bá ní kí ó kún bátìrì tí ó ti gbẹ, ara rẹ̀ á gbóná gidigidi, ìrìn wákàtí kan kò sì lè tó. Ṣájà ara ògiri ló yẹ: bátìrì 60 ámpíà-wákàtí tí wọ́n ń fi ámpíà 6 ṣàájì á gbà tó wákàtí 10 sí 12. Lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí wọ́n ṣe skáàn, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ka àwọn kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, kí wọ́n pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Kóòdù tí ó bá padà wá lẹ́yìn tí bátìrì ti kún ló tó lépa. Gbígbọ̀n íńjìnnì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí bréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tí ń darí íńjìnnì, bá ti tún kọ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí íńjìnnì nílò. Ti gíláàsì kò le: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí gíláàsì fi dé òkè, tí wọ́n sì tún dì í mú díẹ̀, ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí wọ́n bá gbé wáyà jọ́m̀pù sódì, tí pọ́sítíìfù fi kan nẹ́gétíìfù. Fíúsì ńlá tí ó wà nítòsí bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, wọ́n kọ ALT sí i lára. Bí fíúsì yìí bá jó, ọkọ̀ lè dákẹ́ pátápátá, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kí bátìrì rẹ̀ má rí ṣáàjì gbà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí òun ló ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ iná. Dáyóòdù inú ọ́tánétọ̀, tí kì í jẹ́ kí iná bátìrì ṣàn padà, náà lè lọ, èyí sì máa ń fara pamọ́: bátìrì á máa kú lóru láìsí ohun tí wọ́n tàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ láàárọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tí íńjìnnì ti tutù láti àná, iná ń gba inú dáyóòdù kọjá nìyẹn.

Èyí tí ó máa ń tan àwọn rewáyà, àwọn tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, jẹ jù ni ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ dára, tí kò ní stáàtì fúnra rẹ̀, àmọ́ tí ó máa ń dáhùn kíá bí wọ́n bá jọ́m̀pù rẹ̀. Ìlànà ni pé kí wọ́n fi wáyà dúdú kan irin íńjìnnì, kí ó má jẹ́ orí bátìrì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ti fún íńjìnnì ní ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì tuntun (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì), èyí tí kò gba inú wáyà ẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ó ti dógùn-ún kọjá. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì, àìsàn náà kò ní lọ. Kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí wọ́n fi èkejì sí ara íńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì ta kíkì. Bí mítà bá kọjá nǹkan bí ìdajì fóòtì kan, ẹ́ẹ̀tì kò dára: kí wọ́n tú u, kí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ títí irin yóò fi dán, kí wọ́n sì dè é le.

Àṣà kan wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ó yẹ kí ó dópin, ìyẹn yíyọ orí bátìrì nígbà tí íńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán ọ́tánétọ̀ wò. Bátìrì ló ń mú kí fóòtì dúró sójú kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò sókè ré kọjá 40, bréènì-bọ́ọ̀sì tí ó yè jọ́m̀pù sì lè kú síbẹ̀. Mítà á sọ ohun kan náà láìba ohunkóhun jẹ́.

Bí gbogbo èyí bá pé tí bátìrì ṣì ń kú, ó ku kí wọ́n wọn iná tí ń jò. Wọ́n á fi mítà sáàárín orí nẹ́gétíìfù àti wáyà rẹ̀, wọ́n á ti ọkọ̀ pa, wọ́n á sì dúró fún bí wákàtí kan kí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè sùn. Ohun tí ó bá ju mílíámpíà 50 lọ ti pọ̀ jù. Mílíámpíà 500 á gbẹ bátìrì 60 ámpíà-wákàtí ní ọjọ́ 5. Wọ́n á máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà yóò fi wálẹ̀. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ tán tí kò wálẹ̀, kí wọ́n wo ọ́tánétọ̀, kí wọ́n sì tọ wáyà tírákà (ẹ̀rọ tí ń tọpa ọkọ̀) tàbí áláàmù tí wọ́n so tààrà mọ́ orí bátìrì lẹ́yìn tí wọ́n ra ọkọ̀ náà.