Fọ́nrán irun kan létí ìwọ̀

Ẹja kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọkùnrin ń tìtorí rẹ̀ pàgọ́ sétí omi, tí wọ́n ń sun ibẹ̀ lóru méjì mẹ́ta nínú òtútù, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá rí i mú, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a dá a padà sómi. Káàpù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ adùn ọbẹ̀ ẹja tútù lè bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mú sùúrù díẹ̀, torí pé wọn kì í jẹ ẹ́ ni ìtàn yìí fi wáyé. Ẹja tí wọ́n mú tí wọn ò pa ti di onírìírí. Ó ti mọ bí ìwọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu. Bó ṣe ń gbọ́n sí i ni ẹni tó ń dẹ ẹ́ náà ń wá ọgbọ́n mìíràn, inú eré ìje yẹn ni wọ́n ti bí ìwọ̀ onírun, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hair rig.

Káàpù kì í ṣe ọmọ bíbí Ìlú Ọba. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ lórí iṣẹ́ ìwọ̀ ní 1496 ti dárúkọ rẹ̀ pé ẹja aládùn ni, àmọ́ pé kò pọ̀ nílẹ̀ náà. Jíjẹ ni wọ́n ń sìn ín fún nígbà yẹn, bí àwọn ará Poland àti Czech ṣe ń sìn ín títí dòní, tí wọ́n ń pa á jẹ nígbà Kérésìmesì. (Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà: ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n kó o wá sí oko ẹja Panyam, nítòsí Jos. Ẹja àrọ̀ ló padà wá gba gbogbo ọjà.)

Adágún kékeré kan ní Herefordshire ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Redmire ni orúkọ rẹ̀, kò sì ju nǹkan bí éékà mẹ́ta lọ. Ní 1934, Donald Leney tó ń ta ẹja ọ̀sìn da ọmọ káàpù 50 tí wọ́n kó wá láti Holland síbẹ̀. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sanra. Ní 1951, Bob Richards fa ọ̀kan jáde tó lé ní páùn 31. Nígbà tó di òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1952, Richard Walker fi búrẹ́dì mú èyí tó wọn páùn 44, ìyẹn nǹkan bí kílò 20. Bí irú rẹ̀ bá pé méjì àti ààbọ̀, àpò sìmẹ́ǹtì kan nìyẹn. Walker kò dá a padà, kò sì jẹ ẹ́. Ó ké sí ọgbà ẹranko London, wọ́n wá gbé e, wọ́n sọ ọ́ ní Clarissa, inú àpótí gíláàsì ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi kú ní 1971.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ apẹja gbà pé káàpù ńlá kì í ṣe ohun tí à ń fi ìwọ̀ mú, àfi bí orí bá báni ṣe é. Ẹnjiníà ni Walker, bí ẹnjiníà ló sì ṣe kojú ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣe aago oníbátìrì tó ń dún nígbà tí okùn bá ń sáré, kí ojú tó ń tòògbé má bàa pàdánù ẹja. Ó ṣe ọ̀pá tó lágbára tó. Ó ṣe òjé ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń fò jìnnà, èyí tí wọ́n ṣì ń pè ní Arlesey bomb. Bí wọ́n ṣe ń fi ìjẹ sí ìwọ̀ nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Bí ọmọdé etí odò Ògùn ṣe ń fi ekòló bo ìwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Walker àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi búrẹ́dì tàbí pòtétò bíbọ̀ bò ó. Kò sẹ́ni tó rò pé ó lè rí bí mìíràn, torí pé níbi tó pọ̀ jù lọ láyé, inú ìjẹ ni à ń fi ìwọ̀ pa mọ́ sí.

Kí ẹ tó mọ àléébù tó wà níbẹ̀, ẹ ní láti mọ bí ẹnu káàpù ṣe rí. Kò ní eyín lẹ́nu. Ọ̀fun ni eyín rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń fọ́ ìgbín omi àti ìṣáwùrú. Ó ní irùngbọ̀n mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, tó fi ń tọ́ ìsàlẹ̀ omi wò. Bó bá rí ohun kan, ètè rẹ̀ á yọ gígùn síwájú, á fa omi pọ̀ mọ́ ohun náà sẹ́nu, á tọ́ ọ wò, èyí tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fẹ́ ẹ dà nù. Kí o tó ka ení, èjì, ó ti parí. Òkúta wẹ́wẹ́, igi, ewé, ìwọ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń bá jáde. Ẹni tó jókòó sókè kò mọ̀ bóyá ẹja ń fẹnu kàn án. Okùn kò mì, aago kò dún, ẹja sì ti gbé ìjẹ rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti tu ú.

Ìjẹ ló kọ́kọ́ yí padà. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń kógbá sílé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fred Wilton bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìjẹ bí ẹni ń ro oúnjẹ ọmọ. Ó ní bí ara ẹja bá gbà pé oúnjẹ kan ń ṣe òun lóore, á máa wá a kiri. Ó kó èròjà amúaradàgbà inú wàrà jọ, ó fi ẹyin pò ó, ó yí i ní róbótó, ó sì bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ara rẹ̀ le, kí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ má bàa gé e jẹ tán kí káàpù tó dé. Bọ́ìlì nìyẹn, òun sì ni wọ́n ń rà ní àpò-àpò lónìí. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Bí o bá ti ìwọ̀ bọ inú bọ́ìlì líle, ẹnu ìwọ̀ á há síbẹ̀, kò ní ráyè gún nǹkan kan. Ẹja á gbé e, á tu ú, ìwọ̀ á ṣì wà nínú ilé rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ ni àwọn apẹja méjì kan, Lenny Middleton àti Kevin Maddocks, ṣe ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹnìkan ti ṣe tipẹ́: wọ́n jókòó ti káàpù nínú àpótí gíláàsì, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ìjẹ tí kò ní ìwọ̀ nínú, kíá ló ń wọlé sẹ́nu, tí kì í jáde mọ́. Èyí tó ní ìwọ̀ nínú, ẹja á fà á, ara á fu ú, á fẹ́ ẹ jáde. Ìwọ̀ wúwo, ó sì le. Ìjẹ tó gbé e sínú kì í rìn nínú omi bí ìjẹ lásán. Wọ́n wá mú fọ́nrán irun orí kan, wọ́n so ó mọ́ ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀, wọ́n so ìjẹ mọ́ ìdí irun náà. Ìwọ̀ wà níhòòhò. Kò sí ìjẹ lórí rẹ̀ rárá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìjẹ rọ̀ sí.

Ẹja fa ìjẹ náà tàìfura, ìwọ̀ sì tẹ̀ lé e wọlé. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ ẹ jáde, ìjẹ ló kọ́kọ́ lọ, ìwọ̀ tó ṣófo sì kọ́ ètè ìsàlẹ̀ níbi tó ń gbà jáde. Ohun tí káàpù fi ń gba ara rẹ̀ là láti ọjọ́ tó ti dáyé ni wọ́n fi mú un. Mo ti ka oríṣiríṣi ọgbọ́n ìpẹja, àmọ́ n kò tíì rí èyí tó mọ́ tónítóní báyìí: kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí owó níbẹ̀, irun kan péré ni.

Wọ́n fi ṣe àṣírí. Ẹní bá rí i pé ẹja ń jẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́bàá òun, tí tòun kò jẹ, á béèrè ohun tó fi ń dẹ, wọn a sọ̀rọ̀ nípa ìjẹ, wọn a fi irun pa mọ́. Ní 1981 ni Maddocks tú u síta nínú ìwé fún tolórí tẹlẹ́mù. Láàárín ọdún díẹ̀ kò sí adágún káàpù kan tí wọn ò ti lò ó, wọ́n sì gbé e kọjá òkun lọ sí Cassien ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn káàpù tí kò rí irú rẹ̀ rí wà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé lásìkò tí àṣírí yìí ń jà ràn-ìn lábẹ́lẹ̀, ọ̀nà ìgbàanì ló mú ẹja tó tóbi jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1980, ọjọ́ tí wọ́n ṣí omi fún ọdún náà, Chris Yates lọ sí Redmire pẹ̀lú ọ̀pá ọparun àtijọ́, ó fi àgbàdo inú agolo bo ìwọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe látilẹ̀wá, ó sì fa káàpù tó wọn páùn 51 àti ààbọ̀.

Irun nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà ṣá. Òjé ni èkejì rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbìyànjú apẹja ni pé kí ẹja má fura rárá: okùn á máa yọ́ lọ láìsí ìdíwọ́, nígbà tó bá sì lọ tó, èèyàn á dìde fa ọ̀pá. Wọ́n wá yí i padà. Wọ́n de òjé tó wúwo mọ́ okùn, kó má ṣeé sún. Nígbà tí ẹnu ìwọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ẹja létè, ẹ̀rù á bà á, á sá, bó sì ṣe ń sá ni ìwúwo òjé á fa ìwọ̀ wọlé dáadáa. Ẹja ló ń mú ara rẹ̀. Kí onítọ̀hún tó jáde nínú àgọ́, iṣẹ́ ti parí.

Irun orí kò pẹ́ níbẹ̀; ó ń já jù. Lónìí okùn kan náà ni wọ́n fi ń ṣe irun àti ìdè ìwọ̀, ìyẹn okùn kúkúrú tó so ìwọ̀ mọ́ ibi tí òjé wà. Wọ́n á ta ojóbó kékeré sí ìdí okùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lórí gún bọ́ìlì já, wọ́n á fi fa ojóbó náà gba inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi igi ike bíńtín há a kó má yọ. Wọ́n á ki orí okùn kejì bọ ojú ìwọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n á wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ìjẹ rọ̀ tó, wọ́n á wá wé okùn mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ nígbà méje tàbí mẹ́jọ, kí ó di irun náà mú, wọ́n á tún ki orí rẹ̀ bọ ojú ìwọ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n á fi itọ́ rin ín, wọ́n á fà á le. Kò sí kókó kankan níbẹ̀. Wíwé yẹn ló dì í mú.

Àtúnṣe tó tẹ̀ lé e ni kò lópin. Bí irun bá kúrú jù, ìjẹ á dí ẹnu ìwọ̀. Bó bá gùn jù, ẹja á jẹ ìjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Jim Gibbinson fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bọ orí ìwọ̀, kí ìwọ̀ lè máa yí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ nígbàkúùgbà tí okùn bá le. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò rọrùn: gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ibi okùn. Ìwọ̀ tó dára á yí pò, á sì há mọ́ awọ ọwọ́ kó tó dé ìka. Èyí tó bá yọ̀ lọ, tú u. Ìsàlẹ̀ omi náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ìdè íńṣì mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tó. Níbi ẹrẹ̀ rírọ̀, wọ́n á mú un gùn kí òjé má bàa fa ìjẹ rì. Níbi tí koríko omi wà, wọ́n á lo ìjẹ tó ń léfòó, kó lè dúró sókè ewéko.

Ìjọba náà dá sí i. Òjé kéékèèké tí àwọn apẹja ń sọ nù ń pa àwọn ẹyẹ odò funfun ńlá tí wọ́n ń gbé e mì, nítorí náà láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní 1987, òfin fòpin sí títa òjé ìpẹja tó kéré sí ounce kan (nǹkan bí gíráàmù 28). Òjé ńlá ti ìwọ̀ káàpù bọ́ nínú rẹ̀, torí pé ó ju ìwọ̀n tí òfin náà kàn lọ. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń bá àwọn apẹja káàpù wí: bí okùn bá já, ẹja á máa wọ́ òjé kiri, ó sì lè fi kọ́ igi kó kú síbẹ̀.

Àwọn apẹja náà ò sì fẹ́ kí àwọn ẹja yẹn kú, torí pé wọ́n mọ̀ wọ́n lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Two-Tone, ní adágún Conningbrook ní Kent, wọn páùn 67 àti ounce 14 nígbà tí wọ́n mú un ní 2008. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lálàá láti pa á. Ó kú fúnra rẹ̀ ní 2010. Nítorí irú ẹja bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ adágún ló ní olùṣọ́ tó ń wá sídìí ọ̀pá rẹ láti yẹ ìdè ìwọ̀ rẹ wò kí o tó jù ú. Á fi ọwọ́ fa òjé. Bí kò bá lè já kúrò lára okùn nígbà tó bá há, á ní kí o tú u kí o so òmíràn, bó o bá sì jiyàn, á ní kí o kó ẹrù rẹ máa lọ.