Ajubọ́ọ̀lù tó tún jẹ́ balógun: kí la fi ń mọ̀ pé ó dáńgájíá?

Orí àga bábà ní Òkè-Fìà, níbí l'Óṣogbo, lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jà lé lórí níbẹ̀, àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àwọn ọmọbìnrin wa fi rọ́ọ̀nù (ayò kíríkẹ́ẹ̀tì nìyẹn) 2 péré na New Zealand nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, kíríkẹ́ẹ̀tì náà ti ráyè wọlé. Ọmọ tó ń gẹ̀ mí nírun bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù í jù jù, ṣé kì í ṣe òun náà ló yẹ kí wọ́n fi ṣe balógun?"

Mo ní kó pa klípà ná.

Ajubọ́ọ̀lù lẹni tó ń sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù sí onígi (kì í ṣe èyí tó ń ta igi ìdáná o, ẹni tó mú igi dání láti gbá bọ́ọ̀lù ni). Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹfà, over kan pé nìyẹn, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ gbà á. Ta ni kó gbà á? Balógun ló máa sọ. Òun náà ló ń sọ ibi tí àwọn yòókù máa dúró sí. Iṣẹ́ tí kóòṣì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń fi ariwo ṣe létí pápá, inú pápá ni balógun kíríkẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyẹn: ẹni tó ń pín iṣẹ́ wà lára àwọn tí wọ́n ń pín iṣẹ́ fún. Ẹ wo àwọn onídùndún nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó gbé ìyáàlù kọ́rùn ń lù, ó sì ń darí. Bó bá ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, a ò ní gbọ́ omele mọ́; bó bá sì dákẹ́ jù, ìlù á tú. Àwọn ajubọ́ọ̀lù míì, bí wọ́n bá ti di balógun, wọn kì í fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ mọ́. Àwọn míì ń tijú, wọ́n á máa fún ẹlòmíì nígbà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló yẹ kó jù ú.

Ní ìdíje ọlọ́jọ́ kan, òfin ń gba balógun lọ́wọ́ ara rẹ̀: over 10 péré nínú 50 lẹnì kan lè jù. Nínú Test, ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè tó lè gba ọjọ́ 5, kò sí gbèdéke. Èmi kì í tíì yin ajubọ́ọ̀lù kankan ní balógun títí n ó fi rí i nínú Test.

Ian Botham, ajubọ́ọ̀lù England tó tún mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣe balógun nínú Test 12 láàárín 1980 sí 1981, kò jáwé olúborí nínú ìkankan. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, 9 nínú wọn jẹ́ pẹ̀lú West Indies, tí apá ẹnikẹ́ni ò ká nígbà yẹn. Àmọ́ bó ṣe gbé ipò náà sílẹ̀ báyìí, nínú Test tó tẹ̀lé e, ní pápá Headingley, ó gba rọ́ọ̀nù 149 láìjáde (wọn ò rí i lé kúrò nídìí gbígbá), England sì borí Australia. Mike Brearley tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba 100 rọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà rí nínú Test, síbẹ̀ ó borí nínú 18 lára 31 tó darí. Ẹni tó bá ní ẹ̀bùn jù kọ́ ni balógun, mo sọ fún ọmọ náà. Ó mi orí, ṣùgbọ́n kò tíì gbà.

Mo wá fi ọ̀rọ̀ mú un lọ sí Ahmedabad ní India, oṣù kọkànlá ọdún 2023, àṣekágbá ife àgbáyé. Pat Cummins, ajubọ́ọ̀lù tó ń jù ú kíkankíkan, ni balógun Australia. Rohit Sharma ti India ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, ó ti gba 47, pápá sì ń hó. Cummins fúnra rẹ̀ lè gbà á kó máa fi agbára jù ú. Glenn Maxwell, tó ń rọra yí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ló gbé e fún. Rohit tún fẹ́ gbé òmíràn sókè, Travis Head ti Australia sì sá sẹ́yìn, ó gbá a mú kó tó balẹ̀, Rohit jáde nìyẹn. Nígbà tó yá, Cummins fúnra rẹ̀ lé Virat Kohli jáde. Australia ló gba ife náà.

Bákan náà ni Imran Khan, ajubọ́ọ̀lù tó jẹ́ balógun Pakistan, ṣe nínú ife àgbáyé 1992, lẹ́ni ọdún 39. Nígbà tí àṣekágbá le, Wasim Akram ló dá bọ́ọ̀lù padà fún, ìjù méjì tó tẹ̀ léra sì lé onígi méjì jáde.

Ohun kan kù tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí adájọ́ bá ní onígi ò tíì jáde, balógun lè ní kí wọ́n yẹ fídíò wò, àmọ́ iye ìgbà tí wọ́n gbà láti kùnà níwọ̀n. Lójú ajubọ́ọ̀lù, gbogbo onígi ló ti jáde! Balógun tó gbọ́n á kọ́kọ́ wojú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn onígi láti gbá bọ́ọ̀lù mú kó tó gbọ́wọ́ sókè.

Ọmọ náà tan klípà padà. "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa. Bí wọ́n bá wá gbá bọ́ọ̀lù balógun káàkiri nínú over méjì tó ti jù ńkọ́, tó ṣì tún fẹ́ gba ẹ̀kẹta?"

Mo ní ìyẹn gan-an ni kó máa wò.