Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Tó Ń Wáyé Nínú Wáyà HDMI

Bí wọ́n ṣe ń ki wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán àti ìró láti láptọ̀ọ̀pù lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, bọ ihò kò gba àlàyé púpọ̀. Ihò HDMI wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lára láptọ̀ọ̀pù, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ fi rìmóòtù yan HDMI 1 tàbí 2, ó parí. Láptọ̀ọ̀pù pẹlẹbẹ tí kò ní ju ihò USB-C lọ máa nílò àsopọ̀ kékeré láàárín, kì í sì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán.

Ibi tó dùn ni ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi máa ń dúdú kí àwòrán tó yọ. Àwọn ará ilé á ti máa sọ pé tẹlifíṣọ̀n náà lọ́ra. Kò lọ́ra o. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló ń lọ lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ 19 ló tò sínú ẹnu wáyà HDMI. Àwòrán àti ìró ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ará ọkọ kì í ṣàdédé gbé iṣu àti oyin já wọ ilé àna, láptọ̀ọ̀pù náà kì í sì í ṣàdédé da àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó máa kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kejìdínlógún ló fi ń kàn án: iná tí kò ju fólìtì 5 lọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Tẹlifíṣọ̀n á wá dá iná náà padà gba ẹsẹ̀ ìkọkàndínlógún. Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó.

Láptọ̀ọ̀pù á wá béèrè pé ta ni onílé. Èsì tẹlifíṣọ̀n wà nínú àkọsílẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní EDID, báìtì 128 péré (báìtì kan jẹ́ nọ́ńbà kan láti òdo dé 255), tí ilé iṣẹ́ ti kọ sínú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ dà bí ìkíni: òdo, 255 lẹ́ẹ̀mẹfà, òdo. Láptọ̀ọ̀pù tó bá gbọ́ ìyẹn ti mọ̀ pé ọmọlúàbí ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìdílé, lẹ́tà mẹ́ta. Sony á ní òun ni SNY. LG á ní òun ni GSM, ẹ má rẹ́rìn-ín, kò kan fóònù. Goldstar ni ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ kó tó di LG. Wọ́n ti pa orúkọ dà tipẹ́, oríkì ò yí padà.

Ọjọ́ orí ló tún tẹ̀ lé e. Wọ́n á yọ 1990 kúrò nínú ọdún tí wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n náà, iye tó kù ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ti ọdún 2015 á jẹ́ 25. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ kò fi lè purọ́ ọjọ́ orí. Ẹni tó ń tà á lè fi Ògún búra pé ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Áàpù kékeré tó ń ka EDID lórí láptọ̀ọ̀pù á tú àṣírí.

Ó tún máa ń sọ bí òun ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, àti irú àwòrán tí òun fẹ́ràn jù, bí àpẹẹrẹ ẹyọ àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìtì tó kẹ́yìn ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá ro gbogbo báìtì 128 pọ̀, tí ẹ fi 256 pín in, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Bó bá ṣẹ́ kù, láptọ̀ọ̀pù mọ̀ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìró wà nínú ojú ewé kejì tí wọ́n so mọ́ ọn.

Ibi tí òwe ìgbéyàwó yìí ti fẹ́ já nìyí: lágbo mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ gidi, àlejò ló ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Níbí, onílé ló ń ròyìn ara rẹ̀ fún àlejò, ìyẹn gan-an sì ni ọgbọ́n ibẹ̀. Kí EDID tó dé lọ́dún 1994, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìwọ̀n àwòrán. Bó bá ṣì í yàn, ojú ẹ̀rọ á dúdú tàbí kó máa fò. HDMI tó jáde lọ́dún 2002 kàn bá àṣà rere nílẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí èèyàn nínú. Ẹni tó bá lọ ra wáyà yìí ládùúgbò Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lè gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n, góòlù ni ẹnu eléyìí, àwòrán ẹ̀ á mọ́ ju tìyẹn lọ." Owó rẹ̀ á sì fò sókè. Góòlù ẹnu wáyà kì í jẹ́ kó dípẹtà, iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí àrokò. Bí èèyàn bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ràn, ẹ̀fà ló ń wí, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ìránṣẹ́ lè di í sínú aṣọ òkè, ó lè di í sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ra gààrí. Mẹ́fà ni yóò dé ibẹ̀, ìfẹ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i nítorí aṣọ òkè. Òdo àti oókan nìkan ni wáyà HDMI ń gbé, tẹlifíṣọ̀n sì kàn ń kà wọ́n ni. Bí ọ̀rá bá lu, tí ẹyọ owó kan jábọ́ lójú ọ̀nà, àwòrán ò ní ṣú díẹ̀ bí aṣọ tó ṣá: àmì funfun wẹ́wẹ́ á máa tàn yẹ́ríyẹ́rí, tàbí kí gbogbo ojú rẹ̀ dúdú. Wáyà tó bá ti gbé àwòrán láìsí àbùkù, kò sí olówó ńlá kan tó máa gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ náà ní baba, ká má parọ́ mọ́ ọlọ́jà. Láyé VGA, wáyà elẹ́nu búlúù tó ní ẹsẹ̀ 15, tí IBM gbé jáde lọ́dún 1987, bí iná inú wáyà bá ṣe ga tó ni àwọ̀ ṣe ń dán tó. Wáyà burúkú á bu iná náà kù, òjìji á sì máa tọ lẹ́tà lẹ́yìn. Nígbà yẹn, wáyà tó dáa yàtọ̀ lóòótọ́. Lónìí, gígùn ló yẹ kí ẹ béèrè, àti bóyá ó lè gbé 4K, ìyẹn àwòrán tí ẹyọ àmì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1920 sí 1080.

Ohun tí kò bọ́gbọ́n mu rárá ni bí tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń gé etí àwòrán láptọ̀ọ̀pù jẹ, tí bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ò ní hàn mọ́. Àṣà tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọọrọ nìyẹn, tí etí àwòrán rẹ̀ kì í gún, tí wọ́n fi ń gé e dà nù. Èyí tó pẹlẹbẹ ò ní àrùn náà, ó kàn ń mu oògùn rẹ̀ lọ ni. Ẹ wá Just Scan tàbí Screen Fit níbi ètò àwòrán, ẹ tàn án.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni ọgbọ́n EDID máa ń di wàhálà. Tẹlifíṣọ̀n ti kú, bátìrì ń gbé láptọ̀ọ̀pù. Ṣùgbọ́n fólìtì 5 tí láptọ̀ọ̀pù fi ń kanlẹ̀kùn tó láti jí ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Onílé ti sùn, ó ṣì ń dáhùn lójú oorun. Láptọ̀ọ̀pù gbà pé ojú ẹ̀rọ méjì ló wà, tí ẹ bá sì ti yan Extend tẹ́lẹ̀, ìyẹn kí ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ àfikún sí ojú láptọ̀ọ̀pù, fáìlì tí ẹ ṣí á lọ ṣí sójú tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn. Fídíò ń lọ, ohùn ò jáde, nítorí ó ń dà á sétí ẹni tó ti sùn. Ẹ tẹ Windows àti P pọ̀, kí ẹ yan PC screen only, ìyẹn ojú láptọ̀ọ̀pù nìkan. Tàbí kí ẹ kàn fa wáyà yọ: ìkànlẹ̀kùn á dáwọ́ dúró, gbogbo ohun tó sọnù á sì sáré padà sórí láptọ̀ọ̀pù.