Gẹ̀ẹ́sì Lọ̀tá: Bí Kám̀pù Èdè Jámánì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ fún Ọ̀dọ́ Tó Lọ Kàwé Lóhùn-ún

Kó ọmọ Amẹ́ríkà 50 jọ sínú ilé kan ní Jámánì, sọ fún wọn pé èdè Jámánì ni wọ́n wá kọ́, kí o wá jókòó máa wò wọ́n. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti gba gbogbo ilé kan. Ohun tí àwọn tó ń ṣètò kám̀pù èdè ń bá fà á nìyẹn láti ọjọ́ kìíní títí dọjọ́ tí wọ́n máa túká, òun náà ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ òfin kám̀pù tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu.

Ètò pàṣípààrọ̀ kan tó gbajúmọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ni Congress-Bundestag Youth Exchange, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní PPP. Ọdún 1983 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà àti ti Jámánì jọ dá a sílẹ̀, láti fi sàmì ọdún 300 tí ìdílé 13 láti ìlú Krefeld ní Jámánì wọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sí Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní 1683. Láti ìgbà náà, ọmọ tó ti gba inú rẹ̀ kọjá lọ tibí bọ̀ tọ̀hún lé ní 25,000. Àwọn ọmọ ilé ìwé girama tó wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún 15 sí 18, máa ń lo nǹkan bí ọdún kan, ìjọba ló sì ń gbé bùkátà ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé ṣé dandan ni kí ọmọ ti gbọ́ èdè Jámánì kó tó lọ. Rárá o. Ẹni tí kò mọ̀ ju "danke", ìyẹn "ẹ ṣé", lọ lè rí i gbà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tọmọ yìí tún wá burú sí i, torí ó létí, kò fi gbọ́ràn. Ìdí tí kám̀pù fi wà nìyẹn.

Kám̀pù máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn bá ń lọ sópin. Wọn kì í sábà rí ọjọ́ kan tó bá gbogbo ọmọ mu, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Jámánì ló ń yan ọjọ́ ìsinmi ilé ìwé tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan lè ti wọlé ní oṣù Ògún, nígbà tí Bavaria kì í wọlé títí di àárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Ọmọ kan á jáde ní kám̀pù kó bá kíláàsì rẹ̀ níbi tó ti ń sáré lọ, èkejì á ṣì ráyè tẹ̀lé ìdílé tó gbà á sílé lọ síbi ìgbafẹ́.

Ìdánwò ni wọ́n fi ń kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Wọ́n kàn fi ń pín wọn sí kíláàsì ni, láti A1 tó jẹ́ ìpìlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ sí A1. Àárọ̀ ni ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú 45 ìṣẹ́jú 45, olùkọ́ kì í sì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Tó bá fẹ́ kọ́ wọn ní "aufstehen", ìyẹn kéèyàn dìde lórí ibùsùn, á sùn sórí tábìlì, á tún dìde. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sójú pátákó: "Ich stehe um sieben auf", ìyẹn "mo máa ń dìde ní aago méje". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti là sí méjì, "stehe" wà níwájú, "auf" ti sá lọ síparí gbólóhùn. Ibẹ̀ ni ẹnu ọmọ Amẹ́ríkà ti máa ń là sílẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni ì bá rọrùn fún. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. 24 ni "vierundzwanzig", ìyẹn mẹ́rin àti ogún, mẹ́rìnlélógún gan-an gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé rẹ̀ á gbọ́ mẹ́rin kó tó gbọ́ ogún, á sì kọ 42 sílẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù ṣe ń bà jẹ́ nìyẹn. (Tó bá di 25, ọ̀nà wa yà: a ti ń yọ márùn-ún kúrò nínú ọgbọ̀n, àwọn ṣì ń lé márùn-ún lórí ogún.) Ìkejì ni ọ̀wọ̀. "Du" jẹ́ ìwọ, "Sie" jẹ́ ẹ̀yin, ohun tí wọ́n sì fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún "wọ́n" dọ́gba. Àwa tá a máa ń sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun" ò ní bi wọ́n léèrè ìdí. Ohun tó máa dá ọmọ tiwa lágara ni pé nínú ilé, ìyá tó gbà á sílé á ní kó máa pe òun ní "du", kó sì máa pe òun lórúkọ, láìsí "Màmá" níwájú rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n ti ń lé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní tòótọ́. Wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sí ìgboro ní mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú bébà ìbéèrè lọ́wọ́: ẹ lọ ra búrẹ́dì róbótó mẹ́rin, ẹ bi òǹtajà ìgbà tó máa tìlẹ̀kùn, ẹ lọ wádìí iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin dé ìlú tó tẹ̀ lé e. "Stadtrallye" ni wọ́n ń pè é. Ìdààmú tó wà níbẹ̀ ni pé ará Jámánì tó bá ti gbọ́ ohùn àjèjì lè yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì kíá, ó rò pé àánú lòun ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi ń kọ́ wọn ní gbólóhùn kan kí wọ́n tó jáde: "Können wir bitte Deutsch sprechen? Ich lerne noch." Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè sọ èdè Jámánì, mo ṣì ń kọ́ ọ. Tí ọmọ kan bá mú gbólóhùn yìí nìkan kúrò ní kám̀pù, owó ìjọba ò ṣòfò.

Alẹ́ ni ẹ̀kọ́ ilé gbígbé. Àwọn tó ń gbà wọ́n sílé kì í gba owó oṣù lórí wọn, nítorí náà nǹkan kékeré lè di èdèkòyédè. Àwọn ọmọ á kọ́ pé oúnjẹ alẹ́ lè jẹ́ búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran tútù tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, láìsí iná rárá. Wọ́n á kọ́ pé bàtà ìta kì í wọ yàrá, pé ariwo ń parí ní aago mẹ́wàá alẹ́, pé wọ́n máa ń ṣí fèrèsé gbayawu kí atẹ́gùn ilé lè pààrọ̀, kódà nígbà òtútù. Ti pàǹtí nìkan tó kíláàsì kan: nǹkan tí wọ́n fi di ọjà nínú garawa aláwọ̀ ìyeyè, bébà nínú aláwọ̀ búlúù, èépo oúnjẹ nínú aláwọ̀ ilẹ̀, ìyókù nínú dúdú. Ìgò di ìta, a kì í sì í jù ú lọ́jọ́ Àìkú nítorí ariwo. Ike omi tó ní àmì pé owó ìdógò wà lórí rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ jù ú nù rárá: ẹ̀rọ kan wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń gbà á padà, tó sì ń tẹ rìsíìtì 25 sẹ́ǹtì jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé òfin pé "ẹ má sọ Gẹ̀ẹ́sì" wá ń ṣiṣẹ́? Ní kíláàsì àti nídìí oúnjẹ, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àárò ilé ń sọ ò lè fi èdè tí kò gbọ́ sunkún. Kám̀pù tó gbọ́n máa ń fàyè wákàtí mélòó kan sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn pọ̀ rárá: wọ́n á fi wọ́n sílé àwọn ìdílé fún ìgbà díẹ̀, ní ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kí ó lè jẹ́ pé tílẹ̀ bá ti ṣú, kò sí ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ètò PASCH, tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tọ́jú ìṣòro yìí lọ́nà mìíràn. Ó ní ilé ìwé káàkiri ayé, àwọn kan wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ lọ sí kám̀pù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ Nàìjíríà lè bá ara rẹ̀ ní yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ Uzbekistan àti ọmọ Brazil. Tí wọ́n bá fẹ́ yá ara wọn ní ṣájà, èdè Jámánì tí wọ́n jọ ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ ló kù. Kò séèyàn tó ń fi pàṣán lé Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

Kám̀pù ò lè ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo kò ní lè tẹ̀ lé olùkọ́ kẹ́mísìrì nígbà tó bá wọ kíláàsì, oṣù mélòó kan á kọjá kí etí tó là. Lọ́jọ́ ìtúká, wọ́n á kó ẹrù lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, olúkúlùkù pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ìlú tirẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Hamburg á máa fi ẹnu kó "Guten Abend" jọ lójú ọ̀nà, torí ó mọ̀ pé alẹ́ lòun máa dé. Bàbá tó wá pàdé rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní "Moin!" Létí ọmọ, ó jọ "Morgen", ìyẹn àárọ̀, bẹ́ẹ̀ tàárọ̀ tọ̀sán talẹ́ ni wọ́n ń kí i lágbègbè náà. Á wojú sánmọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Á ní "Moin."