Iyọ̀ tí kì í ṣe tọbẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London látilé, kẹ́tùlù ló máa kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, inú ẹ̀ á ti funfun báláú bíi pé wọ́n fẹfun kùn ún. Ẹfun náà ni o, torí inú òkúta ẹfun lomi ibẹ̀ ń gbà kọjá kó tó dódò, ló bá ń kó kálísíọ́mù dání, òun náà ni ò jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn tó ń ra àpò iyọ̀ ńlá tí wọn ò sì fi sebẹ̀, inú ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀, ìyẹn tó ń yọ kálísíọ́mù yẹn kúrò, ni wọ́n ń dà á sí.

Èmi ti rò pé alágbàfọ̀ kan ló ronú ẹ̀. Rárá o, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni!

Ní nǹkan bíi 1845, àgbẹ̀ olówó kan ní Yorkshire, Harry Stephen Thompson, ń bẹ̀rù pé òjò ń wẹ agbára ajílẹ̀ òun lọ. Òun àti apoògùn kan ní York, Spence, wá po erùpẹ̀ mọ́ ajílẹ̀ alámóníà (amóníà yẹn gan-an lagbára ẹ̀), wọ́n da omi lé e, wọ́n ń wo nǹkan tó máa kán jáde nísàlẹ̀. Kálísíọ́mù ni wọ́n rí, amóníà ti dúró sínú erùpẹ̀, àfi bí ìgbà táwọn èèyàn àtijọ́ ń fiṣu pààrọ̀ ẹja. J. Thomas Way, onímọ̀ kẹ́mísìrì ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe síwájú, ó tẹ ti ẹ̀ jáde ní 1850.

Gbogbo ìgbà yẹn, sódà ìfọṣọ làwọn obìnrin ń lò nílé láti mú omi rọ̀. Thomas Clark ní Aberdeen sì ti gba ìwé àṣẹ ní 1841 fún dída ẹfun sísun sómi kí ẹfun inú ẹ̀ lè rọlẹ̀ (ẹfun ń lé ẹfun, ẹ gbọ́ nǹkan!).

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 ni Robert Gans ní Jámánì tó wá fi pàṣípààrọ̀ inú erùpẹ̀ yẹn mú omi rọ̀, wọ́n pe nǹkan tó ṣe ní Permutit, látinú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí pààrọ̀. Tómi bá ń gba inú ẹ̀ kọjá, á di kálísíọ́mù mú, á tú sódíọ́mù, èròjà tó wà nínú iyọ̀, sílẹ̀, tó bá ti yó, wọ́n á da omi iyọ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1935, Adams àti Holmes ní Teddington, létí odò Thames níbẹ̀, fi rọ́sìn àtọwọ́dá, nǹkan bí oje igi tó gan, ṣe é, irú ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ ìfọbọ́ báyìí, wóró wóró bí ẹyin ẹja.

Àbúrò mi kan ti bu iyọ̀ ẹ̀rọ yẹn sí ìrẹsì rí. Ó ní wóró ẹ̀ tó tóbi lòun rí, òun rò pé iyọ̀ olówó ńlá ni.